Ìkorò Kì Í Fọ Inú

Bí ọ̀rọ̀ ewé kíkorò bá ti délẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ tẹ̀lé e ni pé ó ń fọ inú. Wọ́n á ní bó bá ṣe korò tó ló ṣe lágbára tó, pé ìkorò yẹn ló ń gbá ìdọ̀tí inú ìfun dànù. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu aráyé, ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ó ń bo nǹkan tó dára jù ú lọ mọ́lẹ̀. Ìfun kò dúró de ewé kankan kó tó mọ́. Awọ tó tẹ́ inú rẹ̀ ń bó, tuntun sì ń rọ́pò rẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 5, ẹni náà ì báà mu àgbo, ì báà má mu ún. Ìròyìn ni ìkorò ń mú wọ inú ara. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù.

Bí oúnjẹ ṣe ń ti ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú àpòlúkù, tó tún ń gba ìfun kọjá, wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé. Ahọ́n ni ká dúró tì ná. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà lára rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa tọ́ nǹkan wò. Lára sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni àwọn èròjà tó ń dá adùn àti ìkorò mọ̀ wà. Irú èyí tó ń mọ adùn ṣúgà, ẹyọ kan péré ni. Irú èyí tó ń mọ ìkorò tó nǹkan bí 25. Onílé tó fi ẹnì kan ṣoṣo pàdé àlejò rere, tó wá kó mẹ́gáàdì 25 sẹ́nu géètì, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé olè ń bà á lẹ́rù. Olè ibí yìí ni májèlé. Ewéko kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá, kò lẹ́yín tó lè fi gé ẹni jẹ, nítorí náà májèlé ló fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹran àti kòkòrò, ọ̀pọ̀ májèlé bẹ́ẹ̀ ló sì korò. Àwọn mẹ́gáàdì náà kì í sùn rárá. Nínú egbò ewéko kan tó ń jẹ́ gentian, tí wọ́n ti ń lò fún inú ní Yúróòpù tipẹ́tipẹ́, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní amarogentin. Bí èèyàn bá po ìwọ̀n 1 rẹ̀ mọ́ omi tó jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà mílíọ̀nù 58, ahọ́n ṣì lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Kí oúnjẹ tó dé inú rárá ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ivan Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 nítorí ìwádìí rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà, fi hàn lára ajá pé bí oúnjẹ bá kan ẹnu lásán, tí kò sì dé àpòlúkù, àpòlúkù á ti máa tú omi rẹ̀ sílẹ̀. Iṣan vagus, tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ gba ọrùn àti àyà dé ikùn, ló ń jíṣẹ́ yìí. Nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ásíìdì tí àpòlúkù ń tú nítorí oúnjẹ kan ló jẹ́ ti ìgbà tí oúnjẹ ṣì wà lójú, nímú àti lẹ́nu.

Ọ̀pọ̀ àlàyé nípa ewé kíkorò ń dúró síbẹ̀: ìkorò kan ahọ́n, ásíìdì tú yaya, oúnjẹ dà. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ibi tó ti lọ́ pọ̀ yẹn gan-an ló sì dùn jù. Kì í ṣe ẹnu géètì nìkan ni àwọn mẹ́gáàdì wà. Wọ́n wà nínú àpòlúkù, wọ́n wà nínú ìfun, kódà wọ́n wà nínú ọ̀nà tí èémí ń gbà. Ní 2017, àwọn olùwádìí kan ní Vienna gbé ìwádìí jáde lórí kaféènì inú kọfí, tí òun náà korò. Nígbà tí àwọn èèyàn gbé e mì nínú kápúsù, tí ahọ́n kò mọ̀ nípa rẹ̀, ásíìdì inú wọn pọ̀ sí i. Nígbà tí ìkorò náà kàn wà lẹ́nu, ńṣe ni ásíìdì fà sẹ́yìn.

Ìkorò kan náà ni o, àmọ́ ibi tó dé ló sọ ohun tí ara ṣe. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá ló wà níbẹ̀. Bí àjèjì bá ṣì wà lẹ́nu géètì, ohun tó yẹ ni pé kí ará ilé má tíì gbé àwo jáde, nítorí wọ́n ṣì lè lé e padà: ẹnu lè tu nǹkan dànù. Bó bá ti wọlé tán, kò sí àǹfààní nínú ká máa ṣiyèméjì mọ́. Kí wọ́n yáa kojú rẹ̀ ló kù.

Nínú ìfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan máa ń tú họ́mọ̀nù, èròjà tó ń jíṣẹ́ nínú ara, sínú ẹ̀jẹ̀ bí nǹkan kíkorò bá kàn wọ́n. Ọ̀kan lára àwọn họ́mọ̀nù náà ni CCK, tí ọ̀rá inú oúnjẹ náà máa ń mú jáde. Iṣẹ́ méjì tó ń ṣe ló kàn wá níhìn-ín. Ó ń fún àpò òróòro pọ̀ kí òróòro lè sun sínú ìfun, kó sì fọ́ ọ̀rá sí wẹ́wẹ́. Ó tún ń sọ fún àpòlúkù pé kó rọra, kó má da ẹrù rẹ̀ sọ́nà ìfun lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìfun bá ń rí ẹrù gbà díẹ̀díẹ̀, ó lè ṣe é dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ìtura tí àwọn kan ń ní lẹ́yìn ewé kíkorò ti ibẹ̀ wá. Nínú lábù, ọ̀nà yìí hàn kedere. Lára èèyàn tó ń jẹun lójoojúmọ́, ipa rẹ̀ kì í pọ̀, ara ẹnì kan sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì.

Ìrọra tí àpòlúkù ń rọra yẹn ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé oúnjẹ ti ń pẹ́ jù nínú àpòlúkù rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí inú rẹ̀ ń wú lẹ́yìn tó jẹun díẹ̀, kò nílò ohun tí yóò tún dá a dúró. Ẹni tí òkúta wà nínú àpò òróòro rẹ̀, bí àpò náà bá fún pọ̀ mọ́ òkúta, ìrora ló máa bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni ásíìdì tó bá pọ̀ sí i ṣe lè dun ẹni tó ní ọgbẹ́ inú.

Ní ti pé bó bá ṣe korò tó ló ṣe lágbára tó, àwọn ìnàkí tó ń gbé ní òkè Mahale ní Tanzania mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1987, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu, tí wọ́n ń ṣèwádìí níbẹ̀, rí ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá tó ṣẹ́ ẹ̀ka ewúro. Ó bó èèpo kúrò, kò fọwọ́ kan ewé, inú igi rírọ̀ nìkan ló jẹ lẹ́nu, ó fa omi rẹ̀ mu, ó sì tu háríhá rẹ̀ dànù. Ara rẹ̀ padà yá. Èèpo àti ewé tó fi sílẹ̀ ni èròjà tó lè pani lára pọ̀ sí jù. Ohun tí mẹ́gáàdì kò mọ̀ nìyẹn: òórùn àjèjì ló ń gbọ́, kò mọ̀ bóyá oògùn ló ń bọ̀ tàbí májèlé. Kuináìnì korò, ó sì ń wo ibà. Olú apani kan tún wà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ pátápátá, tí àwọn tó jẹ ẹ́ tó sì yè sọ pé ó dùn lẹ́nu.

Àwọn mẹ́gáàdì náà kì í tilẹ̀ ṣe bákan náà nínú gbogbo ilé. Ní 1931, Arthur Fox, onímọ̀ kẹ́míkà, ń da èròjà kan tó ń jẹ́ PTC nínú lábù rẹ̀, eruku rẹ̀ sì fò sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ó korò, Fox kò tọ́ nǹkankan wò. Jíìnì, ìyẹn àbùdá tí èèyàn ń jogún, ló fa ìyàtọ̀ náà. Nítorí náà, ìwọ̀n tí ẹnì kan fi ń gbádùn inú rẹ̀ lè jẹ́ ìyà fún ẹlòmíì, ẹni tó sì ń fi ipá gbé ife kíkorò mì nítorí pé ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á kò fi nǹkan kan kún agbára ewé náà. Ìwọ̀n díẹ̀ tí ara lè mọ̀ ti tó, nítòsí oúnjẹ tí òróòro náà máa bá ṣiṣẹ́. Aláboyún, ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, àti ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà tàbí tó ń rù láìnídìí, dókítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí.