Bí strobe ṣe ń dá àwọ̀ padà sára fótò abẹ́ omi

Ní Ras Mohammed, létí Òkun Pupa ní Íjíbítì, ẹja kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní anthias. Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ló wà lára rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn sì máa ń rọ́ yí iyùn tó ń hù nísàlẹ̀ òkun ká. Òmùwẹ̀ tó bá gbé kámẹ́rà sọ̀ kalẹ̀ dé mítà 15, tó yà wọ́n láìtan iná kankan, ẹja aláwọ̀ eérú nínú omi aláwọ̀ aró ló máa bá nínú fótò rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹja náà ni kò ní pupa nínú mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí à ń rí bíi funfun, àwọ̀ púpọ̀ ló para pọ̀ dì í, omi kì í sì í gbé gbogbo wọn mì bákan náà. Pupa ló kọ́kọ́ ń lọ. Nínú òkun tó mọ́ gaara pàápàá, díẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ bí èèyàn bá fi máa dé mítà 5 tàbí 6. Àwọ̀ ọsàn á tẹ̀ lé e ní nǹkan bíi mítà 10, yẹ́lò á máa ṣá bí mítà 20 ti ń sún mọ́, búlúù ló ń pẹ́ jù. Ojú máa ń tan òmùwẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọpọlọ ń bá ojú tún àwọ̀ ṣe, kì í jẹ́ kó tètè fura. Kámẹ́rà ò mọ ìyẹn. Ohun tó bá wọ lẹ́ǹsì ló ń kọ sílẹ̀. Kì í sì í ṣe jíjìn sísàlẹ̀ nìkan là ń kà. Omi tó wà láàárín ẹja àti kámẹ́rà náà ń gba tirẹ̀. Ẹni tó wà ní mítà 3 péré, tó ń ya ẹja tó wà ní mítà 4 síwájú, omi mítà 7 ni ìmọ́lẹ̀ náà ti là kọjá kó tó kàn án.

Iṣẹ́ strobe ni láti gbé ìmọ́lẹ̀ funfun tuntun dé ibi tí agbára oòrùn ti dín kù. Fíláàṣì alágbára ni, inú àpótí tí omi kò lè wọ̀ ló wà, orí apá gígùn tó so mọ́ kámẹ́rà ló sì máa ń dúró. Bó bá ti kọ yẹ̀rì, pupa á padà sára iyùn. Ṣùgbọ́n omi kan náà ni ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ń gbà kọjá, àlọ àti àbọ̀. Bí ẹja bá wà ní mítà 1, ìrìn mítà 2 ni. Bó bá wà ní mítà 2, ìrìn náà di mítà 4, pupa sì ti ń tán lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìmọ́lẹ̀ máa ń fọ́n ká bó ṣe ń lọ: bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló máa kù, àní nínú afẹ́fẹ́ pàápàá. Nítorí náà, strobe olówó gọbọi àti èyí tí kò wọ́n, ibi tí agbára wọn ń dé kò jìnnà síra: mítà 1 sí mítà 1 ààbọ̀. Ohun tó bá ti kọjá ibẹ̀, oòrùn ló ni ín.

Ìdí nìyí tí àwọn ayàwòrán abẹ́ omi fi fẹ́ràn lẹ́ǹsì tó gbòòrò, títí kan fisheye tó ń rí nǹkan bíi dígíríì 180, kí wọ́n lè sún mọ́ iyùn dé ibi tí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kí odindi rẹ̀ sì tún wọlé. Zoom, ìyẹn lẹ́ǹsì tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ló burú jù. Ó ń mú kí ẹja tóbi nínú fótò lóòótọ́, àmọ́ kò mú ẹ̀kán omi kan kúrò láàárín.

Ìjàkadì yìí ti pẹ́. Ní 1893, Louis Boutan, onímọ̀ nípa ohun alààyè, ya fótò lábẹ́ omi ní Banyuls-sur-Mer ní ilẹ̀ Faransé. Iná tí wọ́n ṣe fún un ní àgbá ńlá kan, fìtílà ọtí lórí rẹ̀ nínú ìgò, àti rọ́bà tí wọ́n ń fún láti fẹ́ ìyẹ̀fun magnesium sínú iná náà. Ní 1926, William Longley àti Charles Martin ya fótò aláwọ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ omi ní Dry Tortugas, ní Florida. Gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fótò aláwọ̀ nígbà yẹn ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ débi pé orí pákó tó léfòó sójú omi ni wọ́n ti ń sun magnesium. Ìwé ìròyìn National Geographic gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 1927. Harold Edgerton, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ló wá gbé fíláàṣì oníná mànàmáná wọ òkun pẹ̀lú àwọn atukọ̀ Jacques Cousteau, ará Faransé tó ń ṣàwárí inú òkun, tí wọ́n sọ ọ́ ní Papa Flash. Irú iná yẹn náà ló wà nínú strobe òde òní: mànàmáná á la gáàsì xenon kọjá, á sì parí kí ojú tó ṣẹ́.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú ni pé ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń bẹ nínú fótò kan ṣoṣo. Oòrùn ló ń kun omi búlúù tó wà lẹ́yìn, strobe ló ń kun iyùn àti ẹja tó wà níwájú. Ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń pa nínú kámẹ́rà, ló ń pàṣẹ fún ti ẹ̀yìn, torí bó bá ṣe pẹ́ ní ṣíṣí tó ni oòrùn á ṣe wọlé tó. Kò kan strobe, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ju ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bọ́tìnì agbára tó wà lẹ́yìn strobe ló ń pàṣẹ fún ti iwájú, oòrùn kò sì bá a tan. Ihò lẹ́ǹsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, àti ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, ń fọwọ́ kan méjèèjì, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ń yí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà tó rọrùn ni kí a pa strobe ná, kí a kọ lẹ́ǹsì sí omi, kí a wá búlúù tó wuni. Ní Òkun Pupa lọ́sàn-án, ihò lẹ́ǹsì f/8 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i), ISO 200 àti ṣọ́tà 1/125 ìṣẹ́jú-àáyá dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá funfun jù, a ó sún ṣọ́tà sí 1/160 tàbí 1/200. Bó bá ṣú jù, a ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí 1/80. Lẹ́yìn náà la ó tan strobe sí ìdajì agbára, kí a wo bí iyùn ti rí, kí a fi kún un tàbí kí a dín in kù. Ààlà kan wà o: ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí à ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀ kò lè bá strobe rìn kọjá 1/200 tàbí 1/250. Ìlẹ̀kùn ṣọ́tà kò ní tíì ṣí tán nígbà tí iná bá kọ, apá kan fótò á sì dúdú.

Àléébù tí gbogbo wọn ń sá fún ni backscatter, àwọn àmì funfun wínníwínní tó máa ń kún ojú fótò. Kò sí òkun tí kò ní nǹkan nínú: iyanrìn, ìdọ̀tí, ohun abẹ̀mí tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Bí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì gan-an tàn lọ tààrà, gbogbo wọn á dá a padà sínú lẹ́ǹsì. Awakọ̀ tó bá ti tan iná gíga sínú kùrukùru ọyẹ́ rí mọ ohun tí à ń wí. Nítorí èyí, fíláàṣì kékeré tó wà lára kámẹ́rà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò lábẹ́ omi ju kó fi àmì ránṣẹ́ sí strobe lọ.

Agbára kọ́ ni oògùn rẹ̀, ibi tí a gbé strobe sí ni. A ó na apá méjèèjì sí ọ̀tún àti òsì, kí strobe kọ̀ọ̀kan jìnnà sí lẹ́ǹsì tó bí lẹ́ǹsì ti jìnnà sí iyùn. A ó fà wọ́n sẹ́yìn kí iwájú wọn má kọjá gíláàsì lẹ́ǹsì, a ó sì yí ojú wọn síta díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ strobe máa ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó lè tó dígíríì 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá yí i síta, etí ìmọ́lẹ̀ náà nìkan ló máa kan iyùn, omi tó wà níwájú lẹ́ǹsì á wà nínú òkùnkùn. Ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni kò kàn án. Òdìkejì èyí ni ọ̀pọ̀ ń ṣe: wọ́n á kọ strobe méjèèjì sí ojú ẹja. Omi tún ń kún ìṣòro náà, torí ó ń mú kí ẹja dà bíi pé ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin sún mọ́ ju bó ṣe wà lọ. Strobe tí a kọ sí ibi tí ojú rí ẹja, omi lásán tó wà níwájú rẹ̀ ló ń tan iná sí. Bí ohun tí à ń yà bá kéré, a ó kó apá wọlé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àárín fótò á ṣókùnkùn. Ike funfun tí wọ́n fi ń bo ojú strobe ń mú kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀ kó sì gbòòrò, àmọ́ ó ń jẹ nínú agbára rẹ̀. Ní ti òmùwẹ̀ tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ láìkan ilẹ̀, kò sí bó ṣe lè to strobe tí iyanrìn tó fi ẹsẹ̀ tú sókè kò ní hàn.

Ní ọ̀nà omi Lembeh, ní Sulawesi ní Indonéṣíà, iyanrìn dúdú láti inú òkè ayọnáyèéfín ló wà nísàlẹ̀, ohun tí wọ́n ń wá kì í sì í sábà ju èékánná lọ. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ oòrùn rárá. Ihò lẹ́ǹsì á kéré dé f/16 tàbí f/22, ṣọ́tà á wà ní 1/200, ISO ní 100; ẹ̀yìn á dúdú kirikiri, strobe nìkan ni yóò kun fótò. Bí lẹ́ǹsì bá sún mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ibi tó máa hàn kedere kì í ju mìlímítà díẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ihò fi gbọ́dọ̀ kéré. Àwọn kan máa ń fi snoot, ọ̀pá oníhò tóóró, sójú strobe kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má kọjá orí ẹja. Ó lẹ́wà, ó sì ń dán sùúrù wò: bí ẹja bá sún díẹ̀, òkùnkùn la yà.

Okùn fíbà, tó ń gbé ìmọ́lẹ̀, tàbí wáyà oníná ni strobe fi ń gbọ́ ti kámẹ́rà. Fíbà ló sàn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí kò nílò kí wọ́n lu ihò sára àpótí. TTL, tí kámẹ́rà fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ń ṣe dáadáa fún ohun kékeré tó kún fótò, ṣùgbọ́n bí omi búlúù bá pọ̀ lẹ́yìn, ó sábà máa ń ṣìnà, fífọwọ́ yí i ló dára. Strobe tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nílò ìṣẹ́jú-àáyá kan sí mẹ́ta kó tó gba agbára padà.

Ibì kan wà tí strobe kò ti ràn. Ọkọ̀ SS Thistlegorm ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkọ̀ òfurufú Jámánì ju bọ́ǹbù lù ní oṣù kẹwàá ọdún 1941, wà nísàlẹ̀ Òkun Pupa ní nǹkan bíi mítà 30. Ó gùn ju mítà 120 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ya odindi rẹ̀ á pa strobe, á gbà pé búlúù ni, tàbí kó sọ fótò náà di dúdú àti funfun. Fílítà pupa, ìyẹn gíláàsì aláwọ̀ tí wọ́n ń fi sójú lẹ́ǹsì, kò lè gbani níbẹ̀: kì í dá pupa sílẹ̀, búlúù ló ń dín kù, pupa sì ti tán níbẹ̀ tipẹ́. Mítà 5 sí 15 ni àyè fílítà, a kì í sì í lò ó pọ̀ mọ́ strobe, torí gbogbo ohun iwájú á pọ́n kọjá ààlà. Inú yàrá ẹrù ọkọ̀ náà ló yàtọ̀. Àwọn alùpùpù àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó lọ fún àwọn ọmọ ogun ṣì wà níbẹ̀, ní ìtòsí tí strobe lè dé. Àwọn ayàwòrán kan tún máa ń gbé strobe kẹta sẹ́yìn alùpùpù, èyí tó ń rí iná ti kámẹ́rà tó sì ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀yìn yàrá tí ìmọ́lẹ̀ iwájú kò lè dé lè hàn pẹ̀lú.