Bí Òfin Utah Ṣe Ń Jẹ́ Kí Ọlọ́pàá Báni Tọ́jú Ìbọn

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ òfin tó ń jẹ́ kí ọlọ́pàá báni tọ́jú ìbọn, àwọn kan á ní ìjọba fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ aráàlú. Irọ́ ni, irọ́ yìí sì ń pààyàn, torí ó ń lé àwọn tí òfin náà wà fún sẹ́yìn. Ní 2013 ni ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ṣe é: ẹni tó ní ìbọn, tó sì rí i pé ẹnì kan tí wọ́n jọ ń gbélé lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, lè gbé e fún ọlọ́pàá kí wọ́n bá a tọ́jú rẹ̀ fún 60 ọjọ́. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀, ó lè ní kí wọ́n fi 60 mìíràn kún un. Bó bá fẹ́ gbà á kí ọjọ́ tó pé, wọn yóò dá a padà. Kò sí adájọ́ níbẹ̀ rárá.

Ìgbà téèyàn bá dé iwájú ọlọ́pàá ni ọgbọ́n òfin náà hàn. Ọlọ́pàá á kọ orúkọ ẹni tó gbé ìbọn wá àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, onítọ̀hún á sì buwọ́ lùwé pé òun lòun ni ín. Ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ bi í pé ta lẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kì í sùn mọ́ lóru kò ní láti tú àṣírí ilé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìbọn bá sì ti padà sọ́wọ́ rẹ̀, òfin ní kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ náà run. Àwọn aṣòfin yẹn mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ wo alájọ. Kì í ṣe torí olè nìkan la ṣe ń kó owó fún un, ọwọ́ ara ẹni là ń sá fún. Owó abẹ́ ìrọ̀rí kì í pẹ́ ná. Èyí tó wà lọ́dọ̀ alájọ, èèyàn á dìde, á wọ bàtà, á rìn lọ bá a. Kó tó débẹ̀, ohun tó ń gbóná lọ́kàn rẹ̀ á ti máa rọlẹ̀. Alájọ á tún yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù. Ọlọ́pàá Utah kì í gba kọ́bọ̀.

Rírọlẹ̀ yẹn gan-an là ń wá. Ní 2021, ìbọn pa èèyàn 48,830 ní Amẹ́ríkà. 26,328 nínú wọn ló fọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó gbìyànjú láti pa ara wọn, tí wọn kò kú, ni kì í kú irú ikú yẹn mọ́. Ní 2006, iléeṣẹ́ ológun Ísírẹ́lì ní kí àwọn ọmọ ogun máa fi ìbọn sílẹ̀ ní bárékè tí wọ́n bá ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Iye àwọn tó ń pa ara wọn dín kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100.

Àléébù tó wà nínú òfin 2013 kò kéré. Bó bá jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú ló ni ìbọn, tó sì kọ̀ jálẹ̀, òfin yìí kò ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ló máa ń gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe máàpù sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Colorado, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, ní 2019, tó ń fi àgọ́ ọlọ́pàá àti ṣọ́ọ̀bù ìbọn tó lè báni tọ́jú rẹ̀ hàn. Kí èèyàn kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù kó tó gbé ohunkóhun jáde nílé, torí ẹni tó bá ṣàdédé gbé ìbọn wọ àgọ́ ọlọ́pàá ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.