Wíwo ohun abẹ̀mí létíkun àti nínú ọgbà lópin ìgbà ooru ní Bírítéènì

Lópin ìgbà ooru, ìyẹn láti àárín oṣù kẹjọ wọ oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ ẹyẹ, ẹranko àti kòkòrò ní Bírítéènì ló máa ń yí ìgbé ayé wọn padà, àwọn kan ń kó lọ, àwọn kan ń dé, àwọn míì ń pa ìyẹ́ tàbí èèpo ara dà. Ẹni tó bá wọnú ọgbà lásìkò yìí lè kọ́kọ́ rò pé gbogbo ẹyẹ ti sá lọ torí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kọrin mọ́, àmọ́ púpọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀, ṣe ni ìyẹ́ àtijọ́ ń re lára wọn tí tuntun ń hù, fífò ò wá rọrùn, ni wọ́n bá ń rọra fara pamọ́ sáàárín ewé. Robin wà lára àwọn tó máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ orin padà, takọtabo wọn ló sì ń kọ ọ́, torí kálukú ti ń gba ibi tó máa jẹun sí nígbà òtútù.

Létíkun, aago ló ń pinnu ohun téèyàn máa rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ibi téèyàn lọ gan-an lọ. Omi òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì á sì fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bíi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50, ìdí nìyẹn tí àkókò ẹ̀ fi ń sún síwájú lójoojúmọ́. Tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó di àrànmọ́jú, omi á kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì fà jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo èyí ló wà nínú tide table, ìyẹn ìwé tó ń sọ aago tí omi máa kún àtèyí tó máa fà, ẹni tí ò bá sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde lè rìn títí láìrí nǹkan kan, èyí tó burú jù ni pé omi lè ká a mọ́ abẹ́ òkè.

Ní Snettisham ní Norfolk, etí omi tí wọ́n ń pè ní The Wash, ọjọ́ tí omi bá kún dáadáa làwọn èèyàn ń dúró dè. Àwọn ẹyẹ knot tó wá láti Greenland àti àríwá Kánádà máa ń jẹun lórí ẹrẹ̀, tí omi bá wá bo ẹrẹ̀ yẹn tán ẹgbẹẹgbàárùn-ún wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa yí lókè bí èéfín. Lóṣù kẹjọ àyà àwọn kan ṣì pupa, àwọn àgbà nìyẹn, wọ́n máa ń dé ṣáájú àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lọ́dún yẹn.

Tí omi bá fà, ó tún ku àárín àpáta. Limpet, ẹranko kékeré tí ìkarahun ẹ̀ ṣe ṣóńṣó, máa ń jẹ ewédò kiri nígbà tí omi bá bò ó, á wá padà sójú ibì kan náà lórí àpáta, ibi tí etí ìkarahun ẹ̀ ti bá mu rẹ́gí. Lọ́dún 2015 àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Portsmouth sọ pé eyín ẹ̀ ló le jù nínú gbogbo ohun alààyè tí wọ́n tíì dán wò. Òkú alákàn tó sì kún etí omi, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe òkú rárá. Téèyàn bá gbé e tó rí i pé ó fúyẹ́, tó là lẹ́yìn láàárín èèpo òkè àti tìsàlẹ̀, tí kò sì rùn, a jẹ́ pé alákàn ọ̀hún ti bọ́ èèpo àtijọ́ sílẹ̀ ó sì ti bá tiẹ̀ lọ. Kéèyàn wọ bàtà o, torí ẹja weever máa ń ri ara ẹ̀ mọ́ iyanrìn níbi tí omi ò ti jìn, ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹ̀ lóró gan-an, tó bá sì gún èèyàn, ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30.

Àwọn síìlì, ẹranko òkun, irú tí wọ́n ń pè ní common seal, náà máa ń sùn sórí iyanrìn lóṣù kẹjọ torí irun wọn ń pààrọ̀. Ọ̀ọ́kán ló yẹ kéèyàn ti wò wọ́n, tí wọ́n bá ti gbórí sókè tí wọ́n ń wo èèyàn, èèyàn ti sún mọ́ wọn jù nìyẹn.

Nínú ọgbà, agbọ́n làwọn èèyàn ń ráhùn lé lórí jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, àwọn agbọ́n òṣìṣẹ́ máa ń fi kòkòrò bọ́ ìdin inú ilé wọn, ìdin náà á sì fún wọn ní omi dídùn, àmọ́ tí ìdin bá ti ń tán nílé wọ́n á wá máa lé ohun dídùn kiri, bí wọ́n ṣe ń dé orí èso jíjẹrà àti inú ife mínírà nìyẹn. Alántakùn ọgbà náà ti tóbi tó láti rí nígbà yìí, ó ní àmì àgbélébùú funfun lẹ́yìn, abo ló sì máa ń sanra. Òwúrọ̀ kùtù tí ìrì bá sẹ̀ ló dáa jù láti rí àwọ̀n ẹ̀, tó bá sì gbó ó máa ń jẹ ẹ́ ni kó tó ta òmíràn.

Àwọn alápàáńdẹ̀dẹ̀ máa ń tò sórí wáyà lóṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó forí lé Áfíríkà. Èyí tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ ní Staffordshire lóṣù karùn-ún 1911, Natal ní South Africa ni wọ́n ti rí i lóṣù kejìlá 1912, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń lọ tó yanjú. Labalábá painted lady náà ń padà sí gúúsù, ṣùgbọ́n ó máa ń fò ga débi pé ojú lásán ò rí i, rédà ni wọ́n fi mọ̀.

Èyí tó ń gbẹ̀yìn ni oyin ivy, tó máa ń jáde lópin oṣù kẹjọ tí òdòdó ivy, ewéko tó máa ń fà mọ́ ògiri àti igi, bá fẹ́ tú. Lọ́dún 1993 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí irú kan, ó dé Dorset lọ́dún 2001, ó sì ti tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀. Ilẹ̀ ni kálukú abo ń gbẹ́ tiẹ̀ sí, ihò á wá pọ̀ lójú kan, àwọn onílé á máa bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ oyin yìí kì í sábà ta èèyàn.