Kí ni ewì "Adlestrop" ń sọ gan-an, nígbà tí kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀?

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí á ka ewì "Adlestrop" tí Edward Thomas kọ. Mo kà á, mo tún un kà, n kò rí ìtàn kankan níbẹ̀. Ṣé ohun kan wà tí mo fojú fò ni?

Ìdáhùn: Ẹ kò fojú fo ohunkóhun. Ìlà mẹ́rìndínlógún péré ni ewì náà, ní ìsọ̀rí mẹ́rin. Ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá kan, irú èyí tí kì í yà sí ibùdókọ̀ kéékèèké, ṣàdédé dúró ní Adlestrop, abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀sán gbígbóná kan nígbà tí oṣù kẹfà ń parí lọ. Ẹ́ńjìnnì tú ooru jáde, ó dún ṣìì. Ẹnì kan húkọ́ díẹ̀ láti la ohùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wọlé. Akéwì rí orúkọ ibẹ̀, ó rí igi wílò, òdòdó inú pápá àti òkìtì koríko gbígbẹ, ẹyẹ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ akéwì wà nínú bí ó ṣe tò ó.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Bẹ́ẹ̀ ni"?

Ìdáhùn: Nítorí pé àárín ọ̀rọ̀ ni a bá a. Ẹnì kan ti bi í ní ìbéèrè tí àwa kò gbọ́, ó sì ń fèsì pé òun rántí Adlestrop. Kíá ló tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe: orúkọ náà ni òun rántí, kì í ṣe abúlé fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa sọ pé a lè gbọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe dúró nínú ìlà ewì. Báwo?

Ìdáhùn: Ẹ kà á sókè ketekete, kí etí yín bá ojú yín ṣiṣẹ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ń yí láti ìlà dé ìlà bí ẹsẹ̀ ọkọ̀, àfi ìgbà tó dé ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kẹrin tó kan ọ̀rọ̀ gígùn kan tó túmọ̀ sí "lọ́nà tí kò wọ́pọ̀", tí àmì ìdánudúró sì dí i lọ́nà lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ti tẹ bíréèkì. Gbólóhùn kúkúrú kúkúrú ló wá tẹ̀ lé e: oṣù, ẹ́ńjìnnì, ikọ́.

Ẹ dúró ti ikọ́ yẹn díẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń sáré, ta ni yóò gbọ́ pé ẹnì kan la ohùn rẹ̀? Akéwì ì bá ti sọ fún wa pé ibẹ̀ pa rọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ariwo ì bá bò mọ́lẹ̀ ló fi sí wa létí, a sì mọ̀ fúnra wa pé ariwo ti kúrò níbẹ̀. Ní tèmi, ìlà yẹn ló gbé ewì náà ró.

Lẹ́yìn èyí, gbólóhùn tún gùn. Èyí tó mú orúkọ abúlé wá ní ìparí ìsọ̀rí kejì kò sinmi títí ó fi la ìsọ̀rí kẹta já, ó ti orí wílò bọ́ sórí koríko, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọsánmà kéékèèké lójú ọ̀run. Ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ti ń rìn. Etí náà wá gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ ní ìsọ̀rí tó kẹ́yìn: ẹyẹ blackbird kan kọrin nítòsí, ohùn àwọn mìíràn sì yí i ká, ó ń jìnnà sí i, ó ń ṣókùnkùn bí ìkùukùu, títí ó fi kan gbogbo ẹyẹ agbègbè Oxfordshire àti Gloucestershire. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, nígbà tí a bá fi máa dé ibẹ̀, a ti gbà á gbọ́.

Ìbéèrè: Ṣé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 24, oṣù kẹfà, ọdún 1914. Thomas àti aya rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ Robert Frost, akéwì ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní ìgbèríko nígbà náà. Ìwé àjákọ rẹ̀ ṣì wà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé orin ẹyẹ àti ìró ẹ́ńjìnnì wáyé ní Adlestrop. Ṣùgbọ́n ìdúró mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́bàá Campden, ni ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan la ohùn rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ nípa òdòdó pápá. Nígbà tó jókòó kọ ewì náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1915, ó so ìdúró méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. N kò ka èyí sí irọ́. Bí ìrántí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìrántí sì ni ewì náà fi bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Níbo wá ni ogun wà nínú rẹ̀? Àwọn kan ń pè é ní ewì ogun.

Ìdáhùn: Ogun kò sí nínú ìlà kankan, ẹ má sì kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ó wà níbẹ̀. Déètì ló gbé e wá. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìrìn àjò náà ni wọ́n yìnbọn pa àrẹ̀mọ ilẹ̀ Austria ní Sarajevo, nígbà tó sì di ọjọ́ 4, oṣù kẹjọ, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wọ Ogun Àgbáyé Kìíní. Nítorí náà, ẹni tó ń rántí ọ̀sán ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ní ọdún 1915, inú ogun ló ti ń rántí rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1915, ó sì kú sójú ogun ní Arras, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 9, oṣù kẹrin, ọdún 1917. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí ìwé ìròyìn kan tẹ "Adlestrop" jáde. Àwọn tó kọ́kọ́ kà á, ohùn ẹni tó ti lọ ni wọ́n gbọ́ tó ń sọ pé òun rántí.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dúró níbẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Wọ́n ti ibùdókọ̀ náà pa ní ọdún 1966. Ọkọ̀ ṣì ń gba ojú irin náà kọjá láìdúró. Pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ sí ni wọ́n gbé lọ sínú àtíbàbà tí àwọn ará abúlé ti ń dúró de bọ́ọ̀sì.