Títi práímà wọlé lórí tábìlì: bí irinṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń yàn án

Práímà, ohun kékeré tó ń ṣẹ́ iná ní ìdí ọta ìbọn, kò tó hóró ẹ̀wà. Síbẹ̀, òun ni ẹ̀mí ọta ìbọn. Ẹ̀tù lè pé, orí ọta lè dán, kòròfo idẹ lè mọ́ tónítóní. Bí práímà kò bá jókòó re ní ìdí kòròfo, abẹ́rẹ́ ìbọn á kàn dún kà, ọta ò ní yìn. Àwọn ayìnbọn ní Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń ṣa kòròfo tí wọ́n ti yìn, tí wọ́n á sì tún un kì nílé, mọ èyí dunjú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ya irinṣẹ́ kan sọ́tọ̀ lórí tábìlì, tí kò níṣẹ́ méjì ju títi práímà wọlé lọ.

Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yìí ti wọ́pọ̀, ibẹ̀ sì ni àlàyé yìí dá lé. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń kì ọta fún ìlò ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa kì í tà ló gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Ti Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ẹni tó bá ń ṣe ọta ìbọn láìgbàṣẹ níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá lábẹ́ òfin.

Kí irinṣẹ́ tó yéni, ó yẹ kí inú práímà kọ́kọ́ yéni. Ife idẹ kékeré ni. Ní ìsàlẹ̀ ife náà, wọ́n rọ èròjà kan tó máa ń gbiná bí wọ́n bá gbá a. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lóde òní ni lead styphnate, tó ní òjé nínú. Lórí èròjà yìí ni wọ́n ki irin pẹlẹbẹ kékeré kan sí, tó ní ẹsẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọlọ àti ọmọ ọlọ ti mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin ẹlẹ́sẹ̀ yẹn ni ọlọ, ìdí ife tí abẹ́rẹ́ ìbọn ń gbá ni ọmọ ọlọ, èròjà sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá gbá ife, èròjà á fún pọ̀ mọ́ irin, iná á ṣẹ́, á sì gba ihò tóóró tó wà ní àárín ìdí kòròfo bọ́ sínú ẹ̀tù. Ṣùgbọ́n ọlọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ kì í lọ nǹkan kúnná. Bí ẹsẹ̀ irin yẹn kò bá kan ìsàlẹ̀ ihò práímà, agbára abẹ́rẹ́ á tán sórí títi práímà wọlé, kò ní kù tó láti ṣẹ́ iná.

Ọgbọ́n gbígbá nǹkan kí iná lè ṣẹ́ yìí kò dédé wáyé. Alexander John Forsyth, àlùfáà kan ní Scotland tó fẹ́ràn ọdẹ ẹyẹ, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1807. Ohun tó mú un wá ọgbọ́n yìí ni pé èéfín tó ń kọ́kọ́ rú lára ìbọn olókúta máa ń ta àwọn ẹyẹ lólobó kí ọta tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tó di ọdún 1866, oríṣi práímà méjì jáde. Edward Boxer, ará Ìlú Ọba, fi irin ẹlẹ́sẹ̀ sínú práímà fúnra rẹ̀, ihò iná kan ṣoṣo sì wà ní àárín ìdí kòròfo. Hiram Berdan, ará Amẹ́ríkà, mọ irin tirẹ̀ mọ́ kòròfo, ó sì sábà máa ń ní ihò iná méjì. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ti ará Ìlú Ọba ló gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti ará Amẹ́ríkà sì ló gbilẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù. Ti Boxer ni àwọn tó ń tún ọta kì ń lò, nítorí ihò àárín yẹn ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ń gbà ti práímà àtijọ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí ibi tí práímà yẹ kó jókòó sí. Kò gbọdọ̀ yọ jáde ní ìdí kòròfo rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń fẹ́ kó dé ni kó rì wọlé ní ìwọ̀n 0.003 sí 0.005 ínǹṣì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìnípọn irun orí kan lọ. Tó bá yọ síta, wàhálà méjì ló lè bá a wá. Ọ̀kan ni èyí tí a ti sọ, pé kò ní yìn. Èkejì ló burú jù: nínú ìbọn tó ń kì ara rẹ̀, bíi M1 Garand tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń rìn láìsí ohun tó dè é mọ́lẹ̀, irin ẹ̀yìn lè sáré wá gbá práímà tó yọ yẹn, kí ọta sì yìn kí ìbọn tó tì tán. Àmọ́ bí wọ́n bá tì í jù, èròjà inú rẹ̀ lè fọ́, iná rẹ̀ kò sì ní dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ti práímà wọlé. Àwọn kan ń lo ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ kòròfo padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀rọ yẹn lágbára. Idẹ ni wọ́n ṣe é fún láti fún pọ̀. Agbára yẹn gan-an ni àléébù rẹ̀ níbi tí a bá ti ń sọ ti práímà, torí ọwọ́ kò ní mọ̀ ìgbà tí ẹsẹ̀ irin kanlẹ̀. Àwọn kan ń lo ti àtẹ́lẹwọ́, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún. Ìyẹn ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun gbogbo, àmọ́ ẹni tó bá fi ti igba kòròfo ní ìjókòó kan á mọ̀ ọ́n lára, pàápàá ẹni tí oríkèé ọwọ́ ń dùn. Ti orí tábìlì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀pá rẹ̀ gùn tó láti gba ìnira lọ́wọ́ ẹni, síbẹ̀ kò lágbára débi pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ihò á pamọ́ fún ọwọ́.

Kí ni ọwọ́ ń gbọ́? Nígbà tí ọ̀pá bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, práímà á dé ẹnu ihò, ọ̀pá á le díẹ̀, á sì máa le bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà bí práímà ṣe ń yọ́ wọlé. Lójijì, á dúró gbọnin: ẹsẹ̀ irin ti kanlẹ̀ nìyẹn. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ díẹ̀ ló kù lẹ́yìn ìyẹn, tó ń mú kí irin fún mọ́ èròjà, kí ó lè tètè gbiná. Kòròfo tí ọ̀pá kò bá le nínú rẹ̀ rárá, ihò rẹ̀ ti fẹ̀ jù. Wọ́n máa ń yọ irú rẹ̀ sọ́tọ̀ ni, wọn kì í tún un lò. Ìròyìn yìí, tí ọwọ́ nìkan ń gbọ́, ló yẹ kéèyàn tìtorí rẹ̀ ra irinṣẹ́ orí tábìlì. Ìyára kọ́.

Àwọn tó wà lọ́jà kò rí bákan náà. Ti ilé iṣẹ́ RCBS tí wọ́n ń pè ní Automatic Priming Tool ń lo ọ̀pá oníhò: práímà á tò léra wọn nínú ọ̀pá náà, wọ́n á sì máa bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Lee tó ń jẹ́ Auto Bench Prime ń lo àwo pẹrẹsẹ, èyí tó ń gbani lọ́wọ́ títo práímà sínú ọ̀pá. Ti Forster, Co-Ax, ní ẹnu tó ń ṣí tó sì ń pa dé mọ́ ìdí kòròfo, kò nílò irin ìgbámú tó yàtọ̀ fún oríṣi kòròfo kọ̀ọ̀kan bíi ti àwọn yòókù. Àwọn kan sì tún wà tó wọ́n jù wọ́n lọ, tí wọ́n ní ìdè tí wọ́n fi ń yan bí práímà ṣe máa rì tó. Ẹni tó ń yin ọta ìbọn ìléwọ́ lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún kò nílò irú ìyẹn. Ẹni tó ń díje lórí pápá tó jìn lè jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ohun kan wà tí ìpolówó ọjà kì í sọ nípa ìdè yìí. Etí ìdí kòròfo ni irinṣẹ́ ń gbá mú, ibẹ̀ sì ló ti ń wọn ibi tí práímà máa dúró sí. Etí yẹn kì í nípọn bákan náà lára gbogbo kòròfo. Ẹni tó bá da kòròfo ilé iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀, tó sì de irinṣẹ́ rẹ̀ síbì kan, ìjìnlẹ̀ práímà rẹ̀ kò ní dọ́gba bó ti wù kí irinṣẹ́ náà wọ́n tó. Kòròfo ilé iṣẹ́ kan náà ni kó kójọ kó tó máa rétí pé wọ́n á dọ́gba.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé irinṣẹ́ kalẹ̀, tábìlì ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tábìlì tó ń mì ń jí ìròyìn tó yẹ kó dé ọwọ́. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó gba inú pátákó tó nípọn já ló dára. Ìṣó oníyíyí lásán máa ń tú nínú pátákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi ṣe. Wọ́n á gbé e sí ibi tí ìgbọ̀nwọ́ kò ti ní gbé sókè jù, níbi tí iná ti mọ́lẹ̀. Ẹ̀tù tó ṣí sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sí lórí tábìlì kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á yan ọmọ irin tó ń ti práímà. Práímà kékeré fẹ̀ tó 0.175 ínǹṣì, ńlá fẹ̀ tó 0.210, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọmọ irin tirẹ̀. Ti ńlá fún ìbọn gígùn tún ga ju ti ńlá fún ìbọn ìléwọ́ lọ, nítorí náà wọn kì í fi ọ̀kan dípò èkejì. Kí práímà kankan tó wọ inú irinṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fi kòròfo òfìfo dánra wò, kí wọ́n lè rí i pé ọmọ irin ń yọ ní àárín ihò gan-an. Ihò náà gbọ́dọ̀ mọ́, torí eérú iná àtijọ́ tó bá dì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí práímà rì tó. Kòròfo ológun tún ní ìṣòro tirẹ̀: ilé iṣẹ́ ti tẹ idẹ mọ́ práímà àkọ́kọ́ kó má baà bọ́, òrùka idẹ tó ṣẹ́kù ní ẹnu ihò á sì há práímà tuntun tàbí kó dojú rẹ̀ dé. Wọ́n ní láti gé òrùka yẹn kúrò tàbí kí wọ́n fi irin tẹ ẹnu ihò náà ṣí.

Kòròfo márùn-ún àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá gbogbo ètò tọ́. Wọ́n á fi ìka ra ìdí rẹ̀: kòtò fẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ kí ìka bá pàdé. Wọ́n á gbé e dúró lórí gíláàsì tó tẹ́jú. Èyí tó bá ń mì, práímà rẹ̀ ti yọ. Ẹni tó ní kálípà, irinṣẹ́ ìwọ̀n, á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ tó ń wọn ìjìnlẹ̀ wò ó.

Ọ̀rọ̀ ewu kò ṣeé fi falẹ̀ rárá. Práímà kan tó bá bú nínú ọ̀pá oníhò lè fa gbogbo àwọn tó kù lọ, ọgọ́rùn-ún nígbà kan náà. Nítorí náà, awò ààbò kì í kúrò lójú títí iṣẹ́ á fi parí, wọn kì í sì í gbé ojú sókè ẹnu ọ̀pá oníhò náà. Páálí ọgọ́rùn-ún kan ṣoṣo ló ń wà níta lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó kù wà nínú páálí ilé iṣẹ́ wọn, nítorí práímà tí wọ́n dà pọ̀ sínú ìgò léwu púpọ̀. NFPA 495, ìlànà ààbò iná tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà, fi 10,000 ṣe òpin iye tó yẹ kó wà nínú ilé tí èèyàn ń gbé. Bí ọ̀pá tí ọwọ́ ń tẹ̀ bá dúró níbi tí kò yẹ, wọn kì í fi agbára tì í. Wọ́n á dáwọ́ dúró, wọ́n á dá a padà, wọ́n á wò ó.

Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á nu ìyẹ̀fun èròjà tó kù sínú ọ̀pá oníhò àti àwo, wọ́n á sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, nítorí òjé. Práímà tó bá ṣẹ́ kù á padà sínú páálí rẹ̀ gan-an. Kékeré ti ìbọn gígùn àti kékeré ti ìbọn ìléwọ́ jọra bí ìbejì, ìnípọn ife wọn ló yàtọ̀, ojú kò sì lè mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n bá rí lórí tábìlì tí kò sí páálí tó ń sọ orúkọ rẹ̀, wọn kì í méfò lé e lórí, wọn kì í sì í kì í.