Ibùdé jẹjẹrẹ ọyàn: ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi "ìpele" sílẹ̀

Nọ́ńbà 1 dé 4 tí àwọn dókítà fi ń sọ bí jẹjẹrẹ ṣe tàn tó, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "stage", mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní "ìpele", mo ti rí "ìgbésẹ̀", mo sì ti rí ọ̀gbẹ́ni kan tó kọ "ọjọ́ orí jẹjẹrẹ" láìtijú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló bí mi nínú jù. Jẹjẹrẹ ọyàn lè wà lára fún ọdún gbọọrọ kó má kúrò lójú kan. Òmíràn ò ní ju oṣù díẹ̀ lọ tí yóò fi wọ abíyá. Kí ló wá kan ọjọ́ orí níbẹ̀? Ohun mẹ́ta ni dókítà ń wò: báwo ni kókó náà ṣe fẹjú tó, ṣé ó ti wọ àwọn wóró tó ń sẹ́ omi ara lábẹ́ abíyá, ṣé ó ti ré kọjá lọ sí egungun, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ. Ibi tí àrùn dé ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní ibùdé. Ibi tí a ń sùn di ibùsùn, ibi tí a ń jókòó di ibùjókòó, ẹ wá ń bi mí pé níbo ni mo ti rí ibùdé?

"Ìpele" ló lérò lẹ́yìn jù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ìpele á máa retí pé bí òun bá lo oògùn dáadáa, òun á sọ̀ kalẹ̀ láti 3 sí 1. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ nígbà àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni wọ́n á máa pè é lọ, bí kókó náà tilẹ̀ súnkì, bó tilẹ̀ tún padà yọ níbòmíràn. Ẹnì kan ní ibùdé dún bí ibùdókọ̀. Kó máa dún lọ!

Ẹ wò ó bí ẹ̀kan tó hù lóko. Bó bá jẹ́ ìdì kan ṣoṣo, ọkọ́ ni ẹ ó mú, ẹ ó hú u tòun ti yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ebè kejì, bí ẹ ti ń fà á ni yóò máa já mọ́ yín lọ́wọ́. Oògùn ni ẹ ó kọ́kọ́ fín sí i kó rọ, kí ẹ tó gbé ọkọ́. Ṣùgbọ́n bí èso rẹ̀ bá ti bá afẹ́fẹ́ lọ sí oko mìíràn, ta ni yóò hú u tán? Ẹ ó máa fín oògùn ṣáá ni, kó má baà borí irè.

Ibùdé 1 àti 2 ni ti ọkọ́, ìyẹn iṣẹ́ abẹ. Ní ibùdé 1, kókó náà kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Wọ́n lè yọ kókó náà pẹ̀lú ẹran díẹ̀ tó yí i ká, kí wọ́n fi ìtànṣán tẹ̀lé e (ìtànṣán ni mo wí o, kì í ṣe "fífi iná jó ọyàn" tó ń lé àwọn obìnrin sá), tàbí kí wọ́n gé gbogbo ọyàn. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé gígé gbogbo rẹ̀ ló dájú jù. Ìwádìí méjì, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti Ítálì, tọpa àwọn obìnrin fún 20 ọdún. Èsì wọn jáde ní 2002, kò sì sí ìyàtọ̀ nínú iye àwọn tó yè.

Ní ibùdé 3, kímò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) ló sábà ń ṣíwájú, iṣẹ́ abẹ tẹ̀lé e, ìtànṣán kẹ́yìn. "Ìtọ́jú oníkẹ́míkà" tí àwọn kan ń kọ, aláìsàn wo ló ń pè é bẹ́ẹ̀?

Ní ibùdé 4, oògùn tó ń kárí ara ni, láti tẹ̀ ẹ́ rì. Àwọn kan ń lo ọ̀pọ̀ ọdún bẹ́ẹ̀. Bó bá sì wọ egungun, jẹjẹrẹ ọyàn náà ni. Oògùn ti ọyàn ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ti egungun. A, B, C tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ nọ́ńbà wọ̀nyí, àti èyí tí wọ́n ń pè ní 0, mi ò ní fi da ẹnikẹ́ni láàmú.

Obìnrin méjì lè wà ní ibùdé kan náà kí oògùn wọn má jọra, nítorí wọ́n tún ń yẹ irú jẹjẹrẹ náà wò. Èyí tí hòmóònù obìnrin ń bọ́, tamoxifen ni ọ̀pọ̀ ń lò lójoojúmọ́ fún ọdún 5, nígbà míì 10. Èyí tí HER2 (èròjà kan tó ń mú kí jẹjẹrẹ dàgbà) pọ̀ lára rẹ̀, trastuzumab wà fún un. 1998 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Èyí tí kò ní ìkankan nínú wọn, kímò ni òpó rẹ̀.

Àwọn alátakò mi á sì fò sókè níbí pé láti 2018 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti ń ka irú àrùn mọ́ bí wọ́n ṣe ń fún un ní nọ́ńbà, pé ibùdé kò wá kún tó mọ́. Ibi tó dé ni wọ́n ṣì ń kọ́kọ́ wò. Irú rẹ̀ ni èyí tó kù, kí wọ́n lọ wá orúkọ tirẹ̀ fún un.