Wọ́n pè yín lẹ́jọ́ pọ̀, ṣé adájọ́ lè gbọ́ tìẹ lọ́tọ̀?

Tí wọ́n bá ti kó èèyàn mẹ́ta mẹ́rin sínú ẹjọ́ kan, gbogbo wọn ló máa ń sọ fún lọ́yà pé "ẹ bá mi yọ tèmi sọ́tọ̀ o". Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ọ̀daràn kọ́ là ń sọ o, ẹjọ́ gbèsè, àdéhùn, jàǹbá ọkọ̀, àwọn yẹn. Kóòtù fẹ́ràn kí wọ́n gbọ́ ọ pọ̀, ẹlẹ́rìí á wá lẹ́ẹ̀kan, ìdájọ́ méjì ò sì ní ta kora.

Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, òfin 42(b), nínú àwọn òfin tó ń darí irú ẹjọ́ báyìí, ló fún adájọ́ lágbára láti ya ìgbẹ́jọ́ sọ́tọ̀: kí iṣẹ́ lè rọrùn, kó lè yá, kí owó má ṣòfò, kó má sì pa ẹnì kan lára láìtọ́. Eléyìí tó gbẹ̀yìn ni wàhálà. Pé ẹnìkejì ẹ lórúkọ burúkú, ìyẹn nìkan ò tó. Àmọ́ ká ní ẹ̀rí wà pé ó ti lu jìbìtì rí, tí kò kàn ẹ́ rárá, tí àwọn júrì (àwọn aráàlú tí wọ́n yàn láti pinnu ẹni tó jẹ̀bi) sì lè torí ẹ̀ kà yín mọ́ra yín, adájọ́ á fetí sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa kọ́kọ́ wò ó bóyá kóun kàn kìlọ̀ fún júrì á tó. Bákan náà ni tí awakọ̀ àti ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì bá jọ wà nínú ẹjọ́, torí ẹni tó fa jàǹbá yàtọ̀ sí ẹni tó máa sanwó. Ìgbà míì kì í ṣe èèyàn ni wọ́n á yà, ọ̀rọ̀ ni: ta ló jẹ̀bi ná, ká tó wá sọ iye.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pẹjọ́, ibí lẹ ti gbọ́dọ̀ lajú. Tí wọ́n bá ya ìgbẹ́jọ́ àwọn méjì tẹ́ ẹ pè lẹ́jọ́, ẹni àkọ́kọ́ á dé, á ní ẹni tí kò sí níbí ló jẹ̀bi, ìkejì náà á dé lọ́jọ́ tiẹ̀, á ti gbogbo ẹ̀ sọ́rùn àkọ́kọ́, ẹ sì lè pàdánù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì pátápátá! Kí lọ́yà yín takò ó, èmi ò ní gbà láéláé.

Ẹ tún bi í bóyá ìgbẹ́jọ́ nìkan ni adájọ́ yà, àbí ó fi òfin 21 pín ẹjọ́ yẹn sí méjì pátápátá. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́jọ́ nìkan, ẹjọ́ kan náà ṣì ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ̀bi ò sábà lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí ti ìyókù á fi parí, àfi tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i lábẹ́ òfin 54(b).